Kí ló dé tí ìwé ìtàn fi ń mú kí àánú ọ̀tá inú Warhammer ṣe wá?

Eré ogun orí tábìlì ni Warhammer, ère kéékèèké tá a kùn la fi ń ta á. Ìwé òfin eré kàn ń sọ ohun tí ọ̀tá ṣe ni. Ìwé ìtàn ló ń sọ ohun tó rí kó tó ṣe é. Ẹ wo Magnus. Lórí tábìlì, oṣó olójú kan tó dalẹ̀ ni. Nínú ọ̀wọ́ ìwé Horus Heresy, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2006, ó fi agbára oṣó kìlọ̀ fún bàbá rẹ̀, ọba gbogbo ènìyàn, pé Horus arákùnrin rẹ̀ ti dìtẹ̀. Ìkìlọ̀ yẹn gan-an ló ba iṣẹ́ ńlá bàbá jẹ́, ni wọ́n bá dáná sun ìlú ọmọ. Àwa ará Ìlọrin tá a gbọ́ ìtàn Afọ̀njá lẹ́nu tọ̀tún-tòsì mọ irú ẹjọ́ yìí dáadáa. Nígbà tí mo ń kun ojú kan ṣoṣo yẹn lára ère Magnus, ọwọ́ mi gbọ̀n.