Ẹ Bi Wá Nípa Oúnjẹ: Chutney àgbọn mi pín sí méjì bí ògì tó sinmi

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Bengaluru ní Íńdíà ni mo wà, ìwé ni mo wá kà. Ilé oúnjẹ kékeré kan wà létí ilé wa, irú èyí tí wọ́n ń pè ní darshini, orí ìdúró lèèyàn ti ń jẹun níbẹ̀, àràárọ̀ ni mo máa ń ra idli méjì (ìrẹsì àti ẹ̀wà lílọ̀ ni, wọ́n ń fi ooru sè é bíi mọ́ínmọ́ín) àti vada kan (bí àkàrà ni), wọ́n á wá bu chutney funfun kan, ìyẹn àgbọn lílọ̀ tí wọ́n fi ń jẹ ẹ́, lé e lórí, mà, mo lè lá chutney yẹn nìkan kí n sì yó. Lọ́jọ́ Sátidé mo ní kí n ṣe é fúnra mi. Mo ra àgbọn, mo gé e wẹ́wẹ́ tòun tàwọ ẹ̀, mo da ata tútù sí i, mo bu omi kún un, mo lọ̀ ọ́ títí bulẹ́ńdà fi gbóná, mo wá gbé e ka iná kó lè jinná. Nígbà tí mo máa sọ̀ ọ́, omi ti wà lókè, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ wà nísàlẹ̀, ó rí bí eérú, ó tún ń korò díẹ̀díẹ̀. Ọmọ Mysuru tá a jọ ń gbé yàrá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀, kò sì sọ ibi tí mo ti ṣì í. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe?
Ọmọ Ìjẹ̀bú, Bengaluru

Ìdáhùn: Ọmọ mi, èmi náà rẹ́rìn-ín o, má bínú. Ọwọ́ ọbẹ̀ lo fi mú un. Àwa, tá a bá ti rí ata lílọ̀ báyìí, ìkòkò ni ọkàn wa máa ń lọ, ká dín in, ká sè é, kó tutọ́ epo jáde. Chutney àgbọn kì í dé orí iná rárá. Tútù ni wọ́n ń jẹ ẹ́, epo gbígbóná bíńtín tí wọ́n ń dà lé e lórí nígbẹ̀yìn ni gbogbo iná tó mọ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni adùn ẹ̀ wà, màá débẹ̀.

Ká kọ́kọ́ mú ti àgbọn. Tó o bá dé ọjà, mì í létí ẹ, èyí tí o ò bá gbọ́ omi nínú ẹ̀ dá a padà, ó ti ń bàjẹ́. Tó o bá fọ́ ọ tán, mú ọ̀bẹ kó o bó awọ aláwọ̀ ilẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀ yẹn kúrò pátápátá, òun ló sọ tìẹ di eérú, òun náà ló ń dá korò-korò yẹn sílẹ̀. Ẹni tó bá ti bá àwọn ìyá Àgùdà l'Ékòó ṣe frejọ́nù rí lọ́jọ́ Gúùdù Fúráìdè mọ ìyà tó wà nínú àgbọn, àmọ́ ti frejọ́nù, omi ẹ̀ là ń fún, háhá ẹ̀ dànù. Ti chutney, háhá yẹn gan-an là ń jẹ, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kó o lọ̀ ọ́ títí tí òróró ara ẹ̀ á fi já. Bulẹ́ńdà ẹ gbóná, àgbọn náà gbóná, òróró ya sọ́tọ̀, omi ya sọ́tọ̀, o tún wá gbé e ka iná lé e lórí, kí ló máa ṣe tí kò ní pín?

Ohun kejì tó mú kó pín ni pé o ò fi hurigadale sí i. Orúkọ tí wọ́n máa mọ̀ ọ́n sí ní Bengaluru nìyẹn, tó o bá dé Chennai pottukadalai ni kó o béèrè. Chickpea ni, wọ́n ti yan án, wọ́n ti bó o, wọ́n là á sí méjì, èèyàn lè máa jù ú sẹ́nu lásán bíi gúgúrú. Òun ló ń fa omi mu tó ń so gbogbo ẹ̀ pọ̀. Tó ò bá rí i rà lọ́jọ́ náà, ẹ̀pà yíyan tí o ti bó tàbí kaṣú díẹ̀ á ṣe é, àmọ́ adùn ẹ̀ á yàtọ̀.

Ó yá, fún èèyàn mẹ́ta: ife kan àgbọn tí o ti gé wẹ́wẹ́, ṣíbí ìjẹun 2 hurigadale, ata tútù gbọọrọ 2 tàbí 3, atalẹ̀ tó tó èékánná àtàǹpàkò, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì, àjàgbọn (tamarind) tí kò ju èso ẹ̀wà kan lọ tó o bá fẹ́ kó kan díẹ̀. Omi, ìdajì ife péré, díẹ̀díẹ̀ sì ni wàá máa dà á sí i. Àwọn ará ibẹ̀ ní ike kékeré kan lára bulẹ́ńdà wọn, mixie ni wọ́n ń pe bulẹ́ńdà, torí chutney gan-an ni wọ́n ṣe fi ike kékeré yẹn sí i, ìwọ lọ fi èyí tó tóbi jù lọ̀ ọ́, mo mọ̀. Tẹ̀ ẹ́, dá a dúró, ṣí i, fi ṣíbí ha ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, tún tẹ̀ ẹ́. Fọwọ́ kàn án, tó bá ṣì ń hà ẹ́ lọ́wọ́ díẹ̀ bíi gààrí tí wọ́n kù dáadáa, o ti dé bẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú ò nílò ká tún ṣàlàyé ìyẹn fún un. Láyé àtijọ́, orí òkúta ni wọ́n ti ń lọ̀ ọ́, àwọn Tamil gúúsù Íńdíà ń pè é ní ammi, òkúta pẹlẹbẹ kan àti ọmọ ẹ̀ gbọọrọ, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, ọlọ ìyá ìyá mi ló wá sí mi lọ́kàn.

Ó wá ku oggarane, ìyẹn epo tí wọ́n ń dà lé e lórí. Páànù kékeré, òróró ṣíbí tíì 2. (Àwọn ará Kerala fẹ́ràn òróró àgbọn, àwọn Tamil fẹ́ràn òróró yànmọ̀tí, ìwọ lo èyí tó o bá ní.) Jẹ́ kó gbóná dáadáa kó o tó da èso mustard ìdajì ṣíbí tíì sí i, kó o sì fi ọmọrí dé e torí á máa ta pàrà-pàrà sí ẹ lójú. Èmi ò dúró kí epo gbóná nígbà tèmi, mustard yẹn kàn ń wò mí ni, kò ta, ó korò bí ewúro. Tó bá ti ta tán, da uddina bele ìdajì ṣíbí tíì sí i, ẹ̀wà kékeré funfun tí wọ́n fi ń ṣe idli yẹn náà ni, kó pọ́n bí ẹ̀pà yíyan, kó o wá ju ata gbígbẹ pupa kan sí i, ewé karibevu (ewé curry ti Íńdíà) bíi mẹ́wàá tí o ti fọ̀ tí o sì ti nù gbẹ, tí omi bá wà lára ẹ̀ epo á fò sí ẹ lápá. Paná. Fọ́n hing (oje gbígbẹ ewéko kan tí wọ́n lọ̀) fínńfín sí i, òórùn ẹ̀ le o, bí irú ni, tó bá wà nínú ike wàá ní kí wọ́n gbé e jáde nílé, tó bá kan epo gbígbóná tán ọ̀rọ̀ á yí padà. Da gbogbo ẹ̀ lé chutney náà lórí bó ṣe ń hó, wàá gbọ́ "ṣàà". Tí ọmọ Mysuru yẹn bá gbọ́ ìró yẹn láti yàrá, á dìde.

Jẹ ẹ́ láàárọ̀ yẹn. Tó bá kù, fíríìjì, kó má ju ọjọ́ kejì lọ. Tó o bá gbé e sórí tábìlì nínú ooru, ọ̀sán lè má tó bá a kó tó kan.

Ata tútù tí wọ́n ń fi ṣe é yẹn, kì í ṣe ilẹ̀ wọn ló ti ṣẹ̀, Amẹ́ríkà ló ti wá, àwọn Potogí ló gbé e wọlé lẹ́yìn tí Vasco da Gama gúnlẹ̀ sí Calicut lọ́dún 1498. Ẹbí iyèré wa, tí wọ́n ń pè ní black pepper, ni wọ́n ń fi ta oúnjẹ wọn tẹ́lẹ̀. Nítorí náà tí ẹnikẹ́ni bá ní Yorùbá ò mọ ata jẹ tó ti Íńdíà, sọ fún un pé àlejò ni ata níbi méjèèjì.

Ìbéèrè: Ẹ kú déédéé ìwòyí o. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, East Ham ni mò ń gbé, ilé oúnjẹ àwọn Tamil pọ̀ níbí. Chutney pupa tí wọ́n ń gbé ti dosa (bíi páńkéèkì fẹ́ẹ́rẹ́ ni) ni mo fẹ́ jẹ nílé. Ìyàwó mi ní rodo lòun máa fi ṣe é, mo ní rárá, a ti ń bá a fà á láti ọjọ́ Àìkú.
Bàbá Àgbà, London

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ kú ilé o, ẹ bá mi kí Màmá. Ẹ̀yin lẹ jàre, àmọ́ ẹ má sọ fún wọn pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Òórùn rodo lágbára, tó bá ti wọ ibẹ̀, ọbẹ̀ ata ilé wa náà lẹ máa jẹ. Ata gbígbẹ pupa gbọọrọ ni, mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ẹ dín in nínú òróró yànmọ̀tí pẹ̀lú ṣíbí ìjẹun kan uddina bele, wọ́n ń pè é ní urad dal ní ṣọ́ọ̀bù àdúgbò yín, ẹ da àlùbọ́sà ńlá kan tí ẹ gé sí i, ááyù méjì, tòmátì méjì, iyọ̀, àjàgbọn díẹ̀, ẹ jẹ́ kí omi tòmátì gbẹ. Ẹ wá dúró kó tutù kí ẹ tó lọ̀ ọ́, ẹ jọ̀ọ́. Èmi lọ̀ ọ́ ní gbígbóná nígbà kan, ooru ta ọmọrí bulẹ́ńdà sókè, ó pa ògiri kíṣìnì mi láró pupa, ẹni tó ni ilé ṣì ń bi mí lórí ẹ̀. Mustard àti ewé inú epo, bíi ti òkè yẹn náà lẹ máa ṣe é. Èyí lè lo ọjọ́ mẹ́ta ní fíríìjì torí kò ní àgbọn.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́. Ewé curry tí wọ́n ń tà ní ọjà Bódìjà, ṣé òun náà ni wọ́n fi ń ṣe chutney? Àbí kí n fọ́n kọ́rì inú ike sí i?
Ìyàwó Tíṣà, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ìyàwó Tíṣà, ẹ má fọ́n kọ́rì sí i o. Kọ́rì inú ike, oríṣiríṣi nǹkan ni wọ́n lọ̀ pọ̀, kì í ṣe ewé yẹn. Èyí tí àwọn ìyá ọjà wa sì sábà máa ń pè ní ewé curry, ẹbí efinrin ni, ẹ gbóòórùn ẹ̀ wò. Ti Íńdíà, igi ni, ìbátan ọsàn ni, ewé ẹ̀ kéékèèké máa ń tò sára ẹ̀ka kan ní ọ̀tún àti òsì. Tí ẹ bá rí tútù rà, ẹ dì í sí fíríísà. Tí ẹ ò bá rí i, ẹ yọ ọ́ kúrò, mustard àti ata gbígbẹ á gbé e. Efinrin tẹ́ ẹ ti rà yẹn, ẹ fi se ọbẹ̀ ẹja fún Tíṣà.