Mo ti gba láísẹ́ǹsì nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ dà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Abẹ́òkúta níbí ni mo ti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Mo yege ìdánwò Kánsìlì tó ń fún nọ́ọ̀sì ní láísẹ́ǹsì, láísẹ́ǹsì mi sì ti wà lọ́wọ́. Látìgbà náà ni mo ti ń pín lẹ́tà káàkiri, láti Òkè-Ìlèwó dé Aṣéro. "Ṣé o ti ṣiṣẹ́ rí?" ni gbogbo wọn ń bi mí. Kíníkì kan ní Ọbáńtokò ní kí n wá gba ₦40,000 lóṣù, iṣẹ́ òru, èmi nìkan pẹ̀lú auxiliary (olùrànlọ́wọ́ tí kò ní láísẹ́ǹsì) méjì. Ọkùnrin kan tún ní òun lè bá mi rí sílọ́ọ̀tì ní ọsibítù ìjọba àpapọ̀ tí a bá mú ₦300,000 wá. Màmá mi ti fẹ́ ta gbogbo àdìrẹ tó wà ní ìsọ̀ rẹ̀ ní Ìtòkú lówó pọ́ọ́kú. Kí ni kí n ṣe?
R., Adìgbẹ

Ìdáhùn: R. ọmọ mi, mo bẹ̀ ọ́, kí o tó ka èsì yìí tán, pe màmá rẹ. Kí wọ́n fi àdìrẹ wọn sílẹ̀ ní ìsọ̀. Ọsibítù ìjọba àpapọ̀, ìbáà jẹ́ ti Ìdí-Àbá tàbí ti Àrò, kì í dédé gba òṣìṣẹ́. Wọ́n ní láti gba àṣẹ láti Àbújá, wọ́n á polówó iṣẹ́, wọ́n á pe èèyàn wá fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, lẹ́tà á sì ti ọ́fíìsì wọn jáde. Ẹni tó ń gbowó níta kò sí nínú ètò yẹn. Bó bá tiẹ̀ mọ èèyàn nínú, ẹni tó gba irú owó bẹ́ẹ̀ àti ẹni tó fún un ló jọ rú òfin tó dá ICPC, àjọ tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, sílẹ̀ ní ọdún 2000. Tó bá wá kówó yín lọ, ta lẹ máa fẹjọ́ sùn? Aṣọ tí èèyàn fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ sí lára, tó rì í bọ aró, tó sá a lóòrùn, kò yẹ kó bá irú ọ̀nà yẹn lọ.

"Ṣé o ti ṣiṣẹ́ rí" yẹn máa ń bí mi nínú. Níbo ni ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ti fẹ́ ṣiṣẹ́ rí tẹ́nikẹ́ni ò bá gbà á? Bẹ́ẹ̀ nọ́ọ̀sì ò tó nílẹ̀. Wọ́ọ̀dù ń bẹ tó jẹ́ pé nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló ń sáré láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì lóru mọ́jú. Àwọn àgbà ń fẹ̀yìn tì, àwọn ọ̀dọ́ ń lọ sílùú òyìnbó, ìjọba kì í sì í tètè fi ẹlòmíì rọ́pò wọn. Àwọn kíníkì aládàáni ní tiwọn ń lo auxiliary tí wọ́n fúnra wọn kọ́, torí owó wọn kéré. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè ọ́ ní ọ̀lẹ.

Ti Ọbáńtokò wá ńkọ́? Owó náà kéré lóòótọ́. Owó oṣù tó kéré jù ti di ₦70,000 láti ọdún 2024, àmọ́ òfin yọ ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ ò tó 25 sílẹ̀, abẹ́ ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ kíníkì ń sá sí. Ṣùgbọ́n "èmi nìkan" tí o kọ ni mo kà lákàtúnkà. Nọ́ọ̀sì tuntun kò yẹ kó dá wà lóru. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya lára ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní aago méjì òru, auxiliary á máa wo ojú rẹ. Ojú ta ni ìwọ á máa wò? Bí ọ̀rọ̀ bá sì bẹ́yìn yọ, láísẹ́ǹsì tìrẹ ni Kánsìlì lè gbà. Auxiliary ò ní in.

Ibi yòówù tó bá fẹ́ gbà ọ́, ní kí wọ́n mú ọ yí inú ilé ká kí o tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Wo ọ́síjìn: ṣé nǹkan wà nínú sílíńdà, ṣé ohun tí wọ́n fi ń ṣí i wà nítòsí? Ṣí tírè tí wọ́n ń kó oògùn pàjáwìrì sí: adrenaline dà, oxytocin dà, dextrose dà, ṣé déètì wọn ò tíì kọjá? Lẹ́yìn náà, bèèrè nọ́ọ̀sì tí ẹ máa jọ wà lóru, bèèrè dókítà tí ẹ máa pè àti bí ilé rẹ̀ ṣe jìnnà tó. Nígbà tí mo wà nípò mátírọ́ọ̀nù, ìyẹn olórí nọ́ọ̀sì, ọmọ tó bá bi mí ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti ń pa ọ́ lẹ́nu mọ́, yáa kọjá.

Ibi tí mo fẹ́ kí o tẹ̀ mọ́ ni ọsibítù míṣọ̀n àtàwọn aládàáni ńlá tó ní mátírọ́ọ̀nù gidi. Sacred Heart ní Láńtòrò ti wà láti 1895, wọ́n sì ń kọ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀, ọmọ tuntun ò ṣàjèjì sí wọn. Lọ dé OOUTH, ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn, ní Ṣàgámù náà. Má fi lẹ́tà sílẹ̀ fún ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì. Lọ láàárọ̀ lẹ́yìn tí àwọn olóru bá ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún àwọn tọ̀sán, bèèrè ọ́fíìsì olórí nọ́ọ̀sì, kí o sọ fún un pé o lè dúró fún ẹni tó bá lọ ìsinmi tàbí tó bímọ. Ojú ọ̀nà yẹn ni ọ̀pọ̀ ń gbà wọlé. Tí wọ́n bá ní kí o wá ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, oṣù mẹ́ta ti tó, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé: déètì, wọ́ọ̀dù, orúkọ ẹni tó ń darí rẹ.

Má fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìwé yẹn. Ní oṣù kejì ọdún 2024, Kánsìlì kọ̀wé jáde pé nọ́ọ̀sì tó bá fẹ́ kí àwọn jẹ́rìí ìwé òun fún ilẹ̀ òkèèrè gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ ọdún méjì lẹ́yìn tó gba láísẹ́ǹsì. O ò sọ pé o fẹ́ lọ, èmi náà ò sì lé ọ lọ. Àmọ́ bí o bá ṣiṣẹ́ síbi tí wọn ò ti fún ọ ní lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́, kí lo fẹ́ fi hàn bí o bá yí ọkàn padà, tàbí bí Ìdí-Àbá bá polówó lọ́la?

Lọ́jọ́ Ajé, ti Láńtòrò bẹ̀rẹ̀. Tí kíníkì Ọbáńtokò bá gbà láti fi nọ́ọ̀sì àgbà kan kún yín lóru, tún kọ̀wé sí mi, ká jọ wo owó náà dáadáa.