Ọmọ mi ní Bìrìtéènì kò ní ìwé òfin: ṣé òótọ́ ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 14, ti ilé ìwé dé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní olùkọ́ àwọn sọ pé Bìrìtéènì tí a wà yìí kò ní ìwé òfin orílẹ̀-èdè. Mo ní irọ́ ni. Ó ní kí n lọ wá a wò. Mo wá a títí, n kò rí i. Kí wá ló ń de ọwọ́ ìjọba níbí? Báwo ni kí n ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún un?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, màmá. Ìgbà tí èmi náà ń kàwé fún ìdánwò àtidi ọmọ onílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ rú mi lójú.

Wọ́n kọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sílẹ̀ o. Wọn kò kàn kó o jọ sínú ìwé kan ṣoṣo bíi ti Amẹ́ríkà tàbí ti Nàìjíríà ni. Ẹ óò bá apá kan nínú Bill of Rights ọdún 1689, tó ní ọba kò gbọdọ̀ gba owó orí láìjẹ́ pé ilé aṣòfin fọwọ́ sí i. Òmíràn wà nínú Act of Settlement ti 1701, tí kò jẹ́ kí ọba máa lé adájọ́ bó ṣe wù ú, òmíràn nínú Human Rights Act ti 1998, òfin tó dá lórí ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn.

Apá kan tún wà nínú ìdájọ́ ilé ẹjọ́, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, torí ìtàn ni, ọmọ á gbádùn rẹ̀. Ní 1762, àwọn ìránṣẹ́ ọba já wọ ilé òǹkọ̀wé kan tó ń jẹ́ John Entick. Wọ́n tú ilé, wọ́n já àpótí, wọ́n kó ìwé rẹ̀ lọ. Mínísítà ọba ló fún wọn ní ìwé àṣẹ. Entick pè wọ́n lẹ́jọ́, ó sì jàre ní 1765. Adájọ́ Camden ní bó bá jẹ́ òfin, a ó rí i nínú ìwé wa. Bí a kò bá rí i níbẹ̀, kì í ṣe òfin. Pé ìjọba ló rán ènìyàn níṣẹ́ kò tó, àfi kí òfin gbà á láyè.

Èyí tí òfin kò sọ ni àṣà ìṣèjọba. Kò sí òfin tó ní ọba kò lè kọ̀ láti buwọ́ lu àbá òfin, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Ọbabìnrin Anne ti kọ̀ ní 1708, kò tíì sí ọba tó tún dán an wò. Adájọ́ kò lè fipá mú ẹnikẹ́ni tẹ̀lé irú àṣà bẹ́ẹ̀.

Èyí tó wá borí gbogbo rẹ̀ ni pé ilé aṣòfin ló ga jù. Kò sí òfin tí kò lè ṣe tàbí tí kò lè pa rẹ́, ilé ẹjọ́ kò sì lè wọ́gi lé e. Ní 2011, wọ́n ṣòfin pé ìbò gbogbogbòò kò ní ṣáájú àkókò rẹ̀ àfi bí ìdá méjì nínú mẹ́ta aṣòfin bá gbà, tàbí bí wọn kò bá fọkàn tán ìjọba mọ́. Ní 2019, ìjọba kò rí iye yẹn. Wọ́n kàn ṣe òfin kékeré mìíràn ni, èyí tí kí àwọn tó gbà pọ̀ ju àwọn tó kọ̀ lọ ti tó fún, a sì dìbò ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, kí n má parọ́: ọ̀nà kan náà ni wọ́n lè gbà pa Human Rights Act rẹ́.

Ṣùgbọ́n olóòtú ìjọba kọ́ ni ilé aṣòfin. Lọ́dún 2019 yẹn náà, Boris Johnson, olóòtú ìjọba nígbà náà, gba Ọbabìnrin nímọ̀ràn kí ilé aṣòfin lọ sinmi fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Adájọ́ 11 ní ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ fohùn ṣọ̀kan ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án pé kò bófin mu. Lọ́jọ́ kejì, àwọn aṣòfin ti padà sórí ìjókòó.

Màmá, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ ilé aṣòfin ló ga jù, ìbò ni okùn tó wà lọ́wọ́ wa. Ọmọ Nàìjíríà tó ti pé ọdún 18, tó ń gbé níbí pẹ̀lú ìwé ìgbélùú, lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò yan aṣòfin kó tó di ọmọ onílẹ̀ rárá, torí pé Nàìjíríà wà nínú Commonwealth. Bí ẹ kò bá tíì forúkọ sílẹ̀, ẹ ṣe é lọ́sẹ̀ yìí, kí ọmọ yín jókòó tì yín.