Èsì: Kí ló dé tí gbogbo ohùn fi ń dún pa pọ̀ nínú Sonic Pi?

Ẹ kú iṣẹ́ o, olùkọ́. Sleep, àṣẹ tó ń sọ pé kí Sonic Pi (ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń kọ kóòdù láti dá orin) dúró díẹ̀, ni kò sí láàárín àwọn ohùn yẹn. Bí àwọn ọmọ bá kọ play 60, play 64, play 67 tẹ̀léra (play ń mú ohùn kan dún, nọ́ńbà rẹ̀ sì ń sọ bí ohùn náà ṣe ga tó), Sonic Pi kì í dúró kí ọ̀kan dún tán kó tó bọ́ sórí èkejì. Wéré ló ń ka ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ni gbogbo wọn bá dún lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi sleep 0.5 sábẹ́ play kọ̀ọ̀kan.

Àwọn ìlà tó wà lójú kan ṣoṣo nìyẹn kàn o, bí inú live_loop kan (àkójọ ìlà tó ń tún ara rẹ̀ ṣe láìdúró). Tí live_loop bá di méjì, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń lọ. Sync, àṣẹ tó ń mú kí ọ̀kan dúró de èkejì, lẹ ó fi mú èkejì tẹ̀ lé èkíní.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bá wọn tún un ṣe. Àṣìṣe tí ọmọ fi etí ara rẹ̀ gbọ́ wúlò ju èyí tí a kọ sójú pátákó lọ. Ẹ bi wọ́n pé: kí lẹ fẹ́ gbọ́, kí lẹ wá gbọ́? Lẹ́yìn náà:

1. Kí wọ́n yí 0.5 sí 0.25, kí wọ́n gbọ́ bó ṣe yára sí i.
2. Kí wọ́n kó àwọn ìlà náà sínú 4.times do (àṣẹ tó ń tún wọn ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́rin), kí wọ́n fi end tì í.
3. Ìgbà yẹn ni kí live_loop tó dé. Bí kò bá ní sleep tàbí sync nínú, yóò dúró, yóò sì sọ ìdí rẹ̀.

Ọmọ kan máa bèèrè bóyá sleep 1 jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá kan. Bẹ́ẹ̀ ni, tí ẹ kò bá tíì fọwọ́ kan use_bpm (àṣẹ tó ń sọ iye ìlù, ìyẹn beat, nínú ìṣẹ́jú kan), torí 60 ló máa ń wà lórí rẹ̀. Tí ẹ bá kọ use_bpm 120, ó di ìdajì.