Èsì fún àbúrò tó béèrè nípa eyín màmá rẹ̀ tó ń mì

Àbúrò mi, mo ka ohun tí o kọ. O ní eyín màmá yín méjì ń mì, pé àtọ̀gbẹ ti wà lára wọn láti bí ọdún mẹ́fà, pé gẹ̀gẹ̀ náà wà lọ́rùn wọn. O ní dókítà eyín tí ẹ lọ bá kọ̀ kò fa eyín, ó ní kí ẹ lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì ṣúgà wá ná, ẹ̀gbọ́n rẹ sì ń sọ pé owó ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín, kí ẹ gbé màmá lọ síbòmíràn. O wá béèrè bóyá kí màmá má jẹun, kí wọ́n má sì lo oògùn ṣúgà láàárọ̀ ọjọ́ tí wọn ó bá fà á.

Bá mi kí ẹ̀gbọ́n rẹ, kí o sọ fún un pé mo ní kó jókòó. Ká ní irú dókítà yẹn ni mo bá pàdé lọ́dún 2019, bóyá eyín mẹ́rin tó kúrò lẹ́nu mi ì bá ṣì wà níbẹ̀.

Réwáyà ni mí, níbí ní Gate, n'Ìbàdàn. Nínú iṣẹ́ tiwa, bí gílóòbù mọ́tò kan bá jó lónìí, tí òmíràn jó lọ́la, a kì í kàn máa ra gílóòbù. Wàá gbé tẹ́sítà, wàá wá ibi tí iná tó pọ̀ jù ti ń wọlé. Èmi tí mo mọ èyí fún mọ́tò onímọ́tò, n kò mọ̀ ọ́n fún ẹnu ara mi. Àwọn tó kàwé rẹ̀ náà kò gbé tẹ́sítà fún mi.

Ẹ̀jẹ̀ ló kọ́kọ́ dé. Bí mo bá ti run orin àtà láàárọ̀, pupa ni mo ń tu. Mo ní orin ló le, mo yà sídìí búrọ́ọ̀ṣì, kò yàtọ̀. Ẹnu ń gbẹ mí, ahọ́n mi ń lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu bí ẹni tó jẹ gààrí láìbu omi sí i. Mo ń dìde tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lóru, mo ní omi ọ̀rá tí mò ń mu ní ṣọ́ọ̀bù ló fà á. Ìyàwó mi ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. A lọ ra àgbo ní Ọjẹ́, mo mu ún fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Ṣúgà kò tilẹ̀ wá sí wa lọ́kàn, torí lójú wa nígbà náà, àwọn tó sanra tó ń mu mínírà ni ṣúgà ń ṣe. Èmi rèé, tẹ́ẹ́rẹ́ bí wáyà.

Nígbà tí eyín ìsàlẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í mì, mo lọ sí kílíńnìkì kan. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Káàdì, sanwó. Ẹ́síréè, sanwó. Abẹ́rẹ́, ó fà á, ó ní ó dàárọ̀. Kò béèrè oògùn tí mò ń lò, kò béèrè àìsàn tó wà nílé wa. Bẹ́ẹ̀ àtọ̀gbẹ ló pa bàbá tó bí mi! Ká ní ó béèrè ni, ǹ bá sọ.

Ihò eyín yẹn kò dí. Ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí mo bá fi ahọ́n kàn án, mo máa ń tọ́ nǹkan kíkorò kan wò tó dà bíi ìpẹtà. Òórùn rẹ̀ wá di ohun tí oníbàárà ń gbọ́. Wọn ó máa bá mi ṣàlàyé ohun tó ń ṣe mọ́tò wọn, wọn ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ti ń fi aṣọ bo ẹnu ní ṣọ́ọ̀bù kí kòrónà tó dé Ìbàdàn. Mo padà lọ bá ọ̀gá dókítà, ó kọ kápúsù fún mi, ó ní èmi ni mò ń fi ahọ́n tọ́ ọ. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tún ń mì, ó fà á. Ó tún fa ẹ̀kẹta. Mo bínú kúrò níbẹ̀, mo lọ síbòmíràn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n rẹ ṣe ń gbà yín níyànjú yìí. Àwọn ìyẹn fa ẹ̀kẹrin, eyín ẹ̀yìn tí mo fi ń jẹ ẹran.

Alẹ́ ọjọ́ kẹta ìyẹn ni mo rí màbo. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú, ó le bí òkúta, ó ń sọ̀ kalẹ̀ sí ọrùn. Ẹnu kò yà mọ́, ìdí ṣíbí kò gba àárín eyín mi kọjá. Itọ́ ara mi n kò lè gbé mì, mò ń dà á sínú abọ́ bí ọmọ ọwọ́. Ara mi gbóná, mò ń sọ ìsọkúsọ, ìyàwó mi ní mò ń pe bàbá mi. Aago méjì òru ló lọ jí onímíkírà tó ń gbé kọjú sí wa, nínú òjò. Àbúrò, bí o bá rí wíwú tó ń lọ sí ọrùn, tàbí tí màmá kò lè gbé omi mì, ẹ má dúró de ìgbà tí ilẹ̀ máa mọ́. Ó lè dí ọ̀nà èémí.

Nọ́ọ̀sì kékeré kan tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọsibítù lóru yẹn ló gba ẹ̀mí mi là. Ó súnmọ́ mi, ó gbóòórùn ẹnu mi, ó ní, “Bàbá, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ máa ń tọ̀ lóru?” Ó gún mi níka, ẹ̀rọ kékeré yẹn kọ 438 (mg/dL ni òṣùwọ̀n gbogbo nọ́ńbà ẹ̀rọ tí mo kọ síbí). Bí ènìyàn kò bá tíì jẹun láàárọ̀, kò yẹ kó tó 100. Bó bá ti dé 126, tí wọ́n tún un ṣe tó ṣì wà bẹ́ẹ̀, àtọ̀gbẹ ni. Eyín mẹ́rin ni wọ́n ti fà kí ẹnikẹ́ni tó gún mi níka.

Wọ́n la ibi tó wú náà, wọ́n fa ọyún rẹ̀, wọ́n fún mi ní ínsúlíìnì, mo lo ọjọ́ mẹ́sàn-án lórí bẹ́ẹ̀dì. Ṣé o rò pé ó parí? Nígbà tí mo jáde, àwọn oníṣẹ́ eyín ní kí n lọ gba lẹ́tà wá lọ́dọ̀ dókítà ṣúgà. Dókítà ṣúgà ní ọ̀rọ̀ erìgì kò kan òun, kí n padà sọ́dọ̀ àwọn eléyín. Ọgbà kan náà ni o! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ tí mo bọ̀, mo sì ń ti ṣọ́ọ̀bù ní gbogbo ìgbà, bí ẹni pé ẹnu mi kò sí lára orí mi. Nítorí náà, kí ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ dókítà ṣúgà, ẹ gba ìwé tó ti kọ nọ́ńbà àti oògùn màmá sí, kí ẹ sì ṣe fótókópì rẹ̀ méjì.

Dókítà eyín àgbàlagbà kan ló wá là mí lóye níkẹyìn. Ó ní bí ṣúgà bá pọ̀ lẹ́jẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, àwọn ọmọ-ogun inú ẹ̀jẹ̀ kì í lè jà dáadáa, egbò kì í tètè san, itọ́ tó yẹ kó máa fọ ẹnu á gbẹ. Àwọn kòkòrò àìfojúrí á wọ abẹ́ erìgì, wọn ó máa jẹ eegun tó di eyín mú, ni eyín fi ń mì. Ibi tó ká mi lára jù ni pé erìgì tó ń ṣọyún náà máa ń ti ṣúgà sókè. Wọ́n fọ abẹ́ erìgì mi, mo ń lo oògùn ṣúgà mi déédéé. Tẹ́ẹ̀sì tó ń wo ṣúgà oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, tí wọ́n ń kọ sí HbA1c, ti 12.1 bọ́ sí 7.2 láàárín oṣù mẹ́jọ. Eyín méjì tó ń mì nígbà náà wà lẹ́nu mi títí di òní, mo fi ń jẹ ẹran.

Torí ìyẹn, ẹ bi dókítà yín bóyá fífọ lè gba eyín màmá là kí ẹ tó sọ̀rọ̀ fífà. N kò ní kí ẹ má fà á o. Èyí tí eegun rẹ̀ ti jẹ tán, á lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi omi bátìrì sí ihò eyín. Ẹ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ènìyàn ń wá tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi ní ṣọ́ọ̀bù torí akokoro. Omi tó ń jẹ ṣòkòtò ihò yọ! Ògógóró náà kò dáa, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má fi ásípírínì há ẹ̀gbẹ́ erìgì, ó máa ń bó o.

Ọ̀rọ̀ gẹ̀gẹ̀ yẹn, ẹ má gbàgbé sọ ọ́ fún dókítà eyín. Bí ó bá jẹ́ irú tó ń mú àyà já, tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n, tí wọn ò sì tíì kápá rẹ̀, oògùn adrenaline tó máa ń wà nínú abẹ́rẹ́ tó ń mú ẹnu kú lè dá wàhálà sílẹ̀ fún ọkàn. Bí màmá bá ń lo carbimazole, oògùn irú gẹ̀gẹ̀ yẹn, tí ọ̀fun ṣàdédé ń dùn wọ́n, tí egbò yọ lẹ́nu tí ara sì gbóná, ẹ sáré lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ohun tí o béèrè gan-an. Ọjọ́ méjì ni ẹ dà pọ̀ mọ́ra wọn. Ọjọ́ tí wọn ó ṣe tẹ́ẹ̀sì ṣúgà àárọ̀ ni màmá kò ní jẹun (HbA1c ní tirẹ̀ kò ní kí ènìyàn má jẹun). Ọjọ́ tí wọn ó fa eyín, tó bá jẹ́ abẹ́rẹ́ ẹnu nìkan, kí wọ́n jẹun, kí wọ́n lo oògùn wọn bí wọ́n ṣe ń lò ó, àfi bí dókítà ṣúgà bá sọ nǹkan mìíràn. Ẹni tó lo oògùn ṣúgà láìjẹun lè dákú sórí àga wọn. Ẹ gba àárọ̀ kùtù, ẹ gbé ẹ̀rọ ṣúgà dání, kí gúlúkóòsì wà nínú báàgì. Bí ẹ̀rọ bá kọ ohun tí kò tó 70, tàbí tí wọ́n ń làágùn tí wọ́n ń gbọ̀n, ẹ po gúlúkóòsì náà fún wọn mu lójú ẹsẹ̀.

Bí èsì tẹ́ẹ̀sì bá ti jáde, kọ nọ́ńbà rẹ̀ síbí. Mo máa ń wọlé wá kà á lẹ́yìn Ìṣà, bí iná bá wà.