Nígbà Tí A Kò Rí Àdán

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Ó ti di ọdún 6 tí mo ti wà nílé ọkọ, Ọlọ́run sì ti fi ọmọ 2 ta wá lọ́rẹ. Ní oṣù tó kọjá, níbi ìsọmọlórúkọ kan nínú ẹbí ọkọ mi, àǹtí rẹ̀ kan wò mí lójú, ó ní, "Bí a kò bá rí àdán, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ." Ìgbà tí mo wádìí ni mo gbọ́ pé ọkọ mi ti kọ́kọ́ tọrọ obìnrin mìíràn, pé obìnrin náà já a sílẹ̀ nígbà tí ó rìnrìn àjò lọ sí Kánádà, àti pé òun ni wọ́n ra aṣọ òkè tí mo wọ̀ lọ́jọ́ ìdána mi sílẹ̀ fún. Mo tú aṣọ náà jáde nínú àpótí, mo sì rí ipa abẹ́rẹ́ àtijọ́ ní ẹ̀gbẹ́ bùbá náà, níbi tí aránṣọ ti fún un kí ó lè bá mi mu. Ọkọ mi kò hùwà kan tí mo fi lè fura rí, n kò sì tíì bi í léèrè. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí mo bá kúnlẹ̀ láti gbàdúrà, ọ̀rọ̀ kì í jáde lẹ́nu mi mọ́. Ṣé àfirọ́pò lásán ni Ọlọ́run dá mi láti jẹ́ ni?

Ìyàwó tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́, Iléṣà

ÌDÁHÙN

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mejì, ipa abẹ́rẹ́ yẹn kò sì kúrò lọ́kàn mi títí di bí mo ti ń kọ èyí. Ohun tí àǹtí ọkọ rẹ ṣe kò dára rárá.

Mú Bíbélì rẹ, kí o ṣí i sí Jẹ́nẹ́sísì orí 29. Jákọ́bù ti sin Lábánì fún ọdún 7 nítorí Rákélì, ṣùgbọ́n Léà ni bàbá wọn mú wọlé tọ̀ ọ́ lóru. Ọdún 6 ni o lò kí o tó gbọ́ tìrẹ. Òwúrọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ ni Léà gbọ́ tirẹ̀, láti ẹnu ọkọ tí ó ń bínú pé wọ́n tan òun jẹ. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, Rákélì ti di orogún rẹ̀.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Léà sì ṣe. Ó sọ àkọ́bí rẹ̀ ní Rúbẹ́nì, ó ní Olúwa ti rí ìpọ́njú òun, ọkọ òun yóò fẹ́ràn òun wàyí. Ó bí Símíónì, ó ní Olúwa ti gbọ́ pé a kórìíra òun. Ó bí Léfì, ó ní ọkọ òun yóò fà mọ́ òun. Àwọn ìyá wa àgbà tí wọ́n bá orogún gbé ilé yóò mọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Nígbà tí ó bí ẹ̀kẹrin, kò mẹ́nu kan ọkọ mọ́ rárá. Ó ní òun yóò yin Olúwa, ó sì pè é ní Júdà. Mo ti wá inú orí náà títí, n kò rí ibi tí wọ́n ti sọ pé ìwà Jákọ́bù yí padà láàárín ọmọ kẹta àti ìkẹrin. Láti ara Léfì ni Mósè àti Árónì ti jáde wá, láti ara Júdà ni Dáfídì ti wá, àti Jésù Olúwa wa. Inú obìnrin tí ọkọ kò yàn ni Ọlọ́run gbà mú wọn wá.

N kò ní purọ́ fún ọ pé ọgbẹ́ náà jinná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní orí 30, Léà tún ń bá àbúrò rẹ̀ du ọkọ lórí èso kan tí Rúbẹ́nì já wá láti oko, nígbà tí ó sì bí Sébúlúnì, ọmọkùnrin rẹ̀ kẹfà, ó tún ń retí pé ọkọ òun yóò bá òun gbé nísinsìnyí. Nítorí náà, bí o bá yin Ọlọ́run lónìí tí ẹkún sì tún gbọ̀n ọ́ lọ́la, má rò pé ìgbàgbọ́ rẹ ti kú. Bí ọ̀rọ̀ kò bá sì jáde nígbà tí o kúnlẹ̀, sọ èyí tí o kọ sí mi yìí fún Un, bí o ti kọ ọ́ gan-an.

Ní ti òwe àǹtí yẹn, n kò gbọ́ ọ rí lẹ́nu ẹni tó ń pa á pé òrìṣà kọ ẹbọ náà nítorí pé òòbẹ̀ ni wọ́n fi rú u.

Ó ku ọkọ rẹ. Pé ó kọ́kọ́ fẹ́ ẹlòmíràn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀; pé wọ́n fi aṣọ ẹlòmíràn wọ̀ ọ́ láìsọ fún ọ ni ó jẹ ọ́ ní àlàyé. Bí ó bá ṣì ń bá obìnrin náà sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, kí o sì tún kọ̀wé sí mi kíá. Ṣùgbọ́n má ṣe fi ẹnu àǹtí dá ọkọ rẹ lẹ́jọ́. Dúró títí àwọn ọmọ yóò fi sùn, kí o tẹ́ bùbá náà sórí ibùsùn láàárín yín, kí o sì fi ìka rẹ hàn án ibi tí wọ́n ti fún un.