Abala wo nínú The Office ni "Ben Franklin" ti wá síbi àríyá ìyàwó?

"Ben Franklin" gan-an ni orúkọ abala náà: abala 15, sáà 3, nínú ẹ̀dà Amẹ́ríkà ti The Office, eré apanilẹ́rìn-ín orí tẹlifíṣọ̀n nípa àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n NBC gbé e jáde ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì, 2007. Mindy Kaling ló kọ ọ́.

Ìgbéyàwó Phyllis, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì náà, àti Bob Vance kù díẹ̀, ni Michael, ọ̀gá wọn, bá ní kí wọ́n ṣàríyá níbi iṣẹ́: ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀. Ó ní kí Jim, òṣìṣẹ́ rẹ̀, wá ọkùnrin tó máa jó bọ́ṣọ fún àwọn obìnrin. Ẹni tó ń ṣe bíi Ben Franklin, gbajúgbajà olóṣèlú Amẹ́ríkà ayé àtijọ́, ni Jim mú wá, Dwight tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sì ń da ìbéèrè bo ẹni náà.

Ibi tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti Michael. Lẹ́yìn tí oníjó obìnrin jó lórí itan rẹ̀, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ mọ́. Oníjó yẹn náà ló gbà á nímọ̀ràn pé kó jẹ́wọ́ fún Jan, olólùfẹ́ rẹ̀.